Kànga, bohóólù àbí píọ̀ wọ́tà? Bí a ṣe lè yan omi mímu n'Ìbàdàn láìkó ewu wọlé

Nígbà tí a kó dé ilé tí a ń gbé lápá Akọ́bọ̀, kànga ni mo kọ́kọ́ lọ wò. Ó dára lójú. Wọ́n fi ríìnì kọ́ ọ, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà funfun, omi rẹ̀ sì tutù bí omi àmù. Baba onílé fa korobá kan, wọ́n bù ú mu lójú mi, wọ́n ní, "Wò ó, ọmọ mi, ọdún kejìdínlógún rèé tí mo ti ń mu ún." Mo gbà wọ́n gbọ́. Kí oṣù kejì tó parí, ìgbẹ́ gbuuru ti mú ọmọ wa kékeré lẹ́ẹ̀mẹta. Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ ò bèèrè oúnjẹ, omi ló bèèrè. Ọjọ́ yẹn ni mo dúró létí kànga, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ ka ilẹ̀ lọ síbi sókàwéè tó wà lẹ́yìn ilé. Ìgbésẹ̀ mẹ́tàlá. Mo yíjú sí ti aládùúgbò tó wà lódì kejì fẹ́ǹsì: mẹ́sàn-án.

Ẹni tó bá ń wá ilé n'Ìbàdàn máa ń bèèrè omi kó tó bèèrè owó. Ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún un ni pé "omi wà." Irú omi wo ló wà, kò sẹ́ni tó ń sọ ìyẹn. Nítorí náà, mo fẹ́ fi omi wé omi, kí ẹni tó bá fẹ́ yàn mọ ohun tó ń yàn.

Ohun tí mo fi ń wọn omi

Ìmọ́tótó ló ṣáájú, ó sì pín sí méjì. Kòkòrò àrùn wà, àwọn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, kọ́lẹ́rà àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Kẹ́míkà náà wà: òjé, irin, àti náítíréètì tó máa ń ti inú ìgbẹ́, ìtọ̀ àti ajílẹ̀ jò wọ inú ilẹ̀. Iná ń pa kòkòrò. Iná ò rí kẹ́míkà ṣe. Bí omi bá ṣe ń hó tó ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni èyí tó kù nínú ìkòkò yóò máa le sí i. Ẹni tí kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀ á kàn máa jó gáàsì lásán lórí omi tó yẹ kó fi fọ mọ́tò. Ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà sọ ọ́ kedere: E. coli, kòkòrò tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti kan omi, kò gbọdọ̀ sí rárá nínú mìlílítà 100. Náítíréètì kò gbọdọ̀ ju mìlígíráàmù 50 lọ nínú lítà kan. Òjé kò gbọdọ̀ ju mìlígíráàmù 0.01 lọ. Kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ojú lè rí. Omi tó mọ́ gaara lè ní gbogbo wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń bèèrè bóyá omi náà á wà nínú oṣù Èrèlé, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú dé góńgó. Mo máa ń ṣírò owó rẹ̀ ní lítà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ní àpò tàbí ní ọkọ̀. Èyí tó kẹ́yìn ni àwọn ènìyàn kì í kà mọ́ ọ̀rọ̀ omi: ewu tí omi náà ń bá wọlé. Kànga lè gbé ọmọ mì. Bohóólù ń bá iná mànàmáná àti jẹnẹrétọ̀ rìn. Táǹkì tó wà lórí irin lè wó lé ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èrò tèmi kí a tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè mọ ibi tí mo ń lọ. Kò sí ìdí tí omi kan ṣoṣo fi gbọ́dọ̀ ṣe gbogbo iṣẹ́ ilé. Ìdílé ẹlẹ́ni márùn-ún, tí a bá ka mímu, oúnjẹ sísè àti eyín fífọ̀ pọ̀, kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n máa lò lójúmọ́. Kẹ́ẹ̀gì yẹn ni kí ẹ náwó lé. Omi ìwẹ̀, omi aṣọ àti omi ṣáláńgá kò nílò ìnáwó yẹn.

Omi ẹ̀rọ

Dáàmù Ẹlẹ́yẹlé ti wà lórí odò Ọnà láti 1942. Ti Aṣèjìrè, lórí odò Ọ̀ṣun, dé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Wọ́n ń sẹ́ omi ibẹ̀, wọ́n sì ń fi kulorínì sí i kó tó jáde. Bí ó bá dé ẹnu ẹ̀rọ yín tó ń rùn díẹ̀ bí omi tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, ẹ má bínú sí i, òórùn yẹn ló ń sọ pé oògùn ṣì wà lára rẹ̀.

Ojú ọ̀nà ni nǹkan ti ń bàjẹ́. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò àtijọ́, inú gọ́tà ni páìpù gbà. Tí wọ́n bá ti omi pa, páìpù á ṣófo, ibi tó ti ń jò tẹ́lẹ̀ á wá di ibi tó ń fa omi gọ́tà wọlé. Ìdí rèé tí omi àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan fi máa ń pọ́n. Ẹ jẹ́ kó ṣàn dànù títí tí yóò fi mọ́, kí ẹ tó bu tiyín, kí ẹ sì tún sè é. Ní ti owó, kò sí omi tó rọjú tó o níbi tó bá ti ń yọ déédéé. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ẹ̀rọ kan wà lágbàlá lóòótọ́. Okùn tí a ń sá aṣọ sí ni ìyàwó mi so mọ́ ọn.

Kànga

Kànga ló pọ̀ jù nílùú yìí, òun náà ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù.

Orí àpáta ni Ìbàdàn jókòó sí, ẹni tó bá ti gun Òkè Mápó tàbí Òkè Àrẹ á mọ̀. Omi kànga kì í wá láti inú àpáta yẹn. Inú ilẹ̀ tó bò ó lórí ló ń gbé, ilẹ̀ tí òjò ń jò gbà kọjá. Inú ilẹ̀ kan náà ni omi sókàwéè àti ti ṣáláńgá ń jò sí. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ìlera ń lò ni pé kí mítà 30 ó kéré tán wà láàárín orísun omi àti ṣáláńgá. Mítà 30 súnmọ́ ẹsẹ̀ bàtà 100. Wàyí o, ẹ mú ìdajì pulọ́ọ̀tì tí ọ̀pọ̀ wa ń rà, 60 ní 60. Bí ẹ bá gbé kànga sí kọ̀rọ̀ kan, kí ẹ gbé sókàwéè sí kọ̀rọ̀ tó dojú kọ ọ́ gan-an, ẹsẹ̀ bàtà 85 péré ló máa wà láàárín wọn. Kò sí bí ẹ ṣe lè tò ó kó pé. A ò tíì ka ti aládùúgbò o.

Ohun tí èyí ń sọ ni pé kànga inú ìdajì pulọ́ọ̀tì, a gbọ́dọ̀ kà á sí omi tí ìgbẹ́ ti kàn, títí di ìgbà tí àyẹ̀wò bá sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Sísè á bójú tó kòkòrò. Ní ti náítíréètì, àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le lè má mọ nǹkan kan lára. Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ni ó ń pa lára, pàápàá èyí tí wọ́n ń po mílíìkì inú agolo fún: ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní lè gbé afẹ́fẹ́ dáadáa mọ́, ètè àti èékánná rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dú bí aró. Ẹ má ṣe fi omi irú kànga yẹn po mílíìkì ọmọ, sísè tàbí àìsè.

Àkúnya omi ni ọ̀tá rẹ̀ kejì. Àwọn tó rí Omíyalé ọjọ́ 31 oṣù Ògún ọdún 1980, nígbà tí Ògùnpa kún bo àárín ìlú, àti àwọn tó rí ti ọjọ́ 26 oṣù kan náà ní 2011, mọ̀ pé omi àgbàrá kì í yà fún kànga. Bí ilé yín bá wà létí Ògùnpa, Kúdẹtì, Ògbèrè tàbí Ọnà, tí omi sì ti wọ àgbàlá rí, ẹ yọ kànga kúrò nínú ohun tí ẹ lè mu. Kànga tí àgbàrá bá wọ̀, ẹ gbọ́n ọn gbẹ, ẹ fi kulorínì fọ̀ ọ́, kí ẹ tó tún fi fọ abọ́ pàápàá.

Nínú Èrèlé sí Ẹrẹ́nà, ẹ óò gbọ́ ohùn rẹ̀ ní ìdájí: okùn ń ha ètè ríìnì, korobá ń kan ilẹ̀ nísàlẹ̀, ohun tó ń gòkè bọ̀ sì jẹ́ ìdajì omi, ìdajì ẹrẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ jí, ẹrẹ̀ nìkan ló máa bá.

Ní ti ewu, ẹ wo mẹ́ta yìí. Ọmọdé: kí ètè kànga ga tó ìgbáròkó àgbàlagbà, kí ìdérí irin wà, kí kọ́kọ́rọ́ sì wà lára ìdérí náà. Páànù tí wọ́n fi òkúta lé lórí kì í ṣe ìdérí. Èkejì ni korobá: kó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, kí wọ́n gbé e kọ́ kó má balẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ adìyẹ àti bàtà wa ni kòkòrò ń gbà wọ omi. Ẹ̀kẹta ń pa àgbàlagbà. Bí nǹkan bá jábọ́ sínú kànga, tàbí ènìyàn, ẹ má ṣe bọ́ sínú kànga tẹ̀lé e. Afẹ́fẹ́ inú kànga lè má tó ènìyàn mí. Ẹ má sì gbé ẹ̀rọ afami tó ń lo pẹtiróòlù sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ láé. Èéfín rẹ̀ kì í rùn tó, ó sì ń pa ẹni tó bá wọlé lọ wò ó, á tún pa ẹni tó bá wọlé lọ gbé e.

Bohóólù

Bohóólù ń lọ sísàlẹ̀ ju kànga lọ, ó ń wá omi inú àpáta tó ti là. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ dáadáa, òun ló dára jù nínú gbogbo omi tí onílé lè ní fúnra rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà nínú "dáadáa" yẹn. N'Ìbàdàn, àpáta tó là kò sí níbi gbogbo. Aládùúgbò méjì lè gbẹ́ ẹ, kí ọ̀kan rí omi, kí èkejì rí eruku. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀ka igi tàbí ẹnu lásán tọ́ka sí ibi tí omi wà. Ẹ san owó fún àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wo abẹ́ ilẹ̀ kí ẹ tó pe àwọn agbẹ́bohóólù. Owó yẹn ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ihò tó gbẹ.

Ẹ tún dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń parí iṣẹ́. Àyè tó wà láàárín páìpù àti ilẹ̀ lókè, símẹ́ǹtì ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi dí i. Bí wọ́n bá fi iyẹ̀pẹ̀ dí i, omi àgbàrá á tọ ẹ̀gbẹ́ páìpù sọ̀ kalẹ̀, ẹ ó sì ti náwó gọbọi ra kànga. Omi bohóólù míì máa ń pọ́n lẹ́yìn tó bá ti dúró nínú korobá fún wákàtí díẹ̀. Irin ni. Ó ń ba aṣọ funfun jẹ́, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pa ènìyàn lára.

Níbi táǹkì ni mo ti rí ohun tí mi ò lè gbàgbé. Ọ̀rẹ́ mi kan lápá Olúyọ̀lé ń fi omi bohóólù rẹ̀ yangàn, ó ti ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ láti orí ihò, ìwé àyẹ̀wò mọ́ tónítóní. Ọjọ́ kan omi ò sáré mọ́, a gun orí táǹkì lọ. Ìdérí ti fò lọ nínú ìjì, a ò mọ ìgbà wo. Ewéko tútù ti bo ògiri inú rẹ̀ bíi fẹ́fẹ́ẹ̀tì, alángbá méjì sì léfòó lójú omi, ọ̀kan ti wú. Omi tí wọ́n ń fi se ẹ̀wà láàárọ̀ nìyẹn. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá bi mí pé "ṣé bohóólù yín dáa?", táǹkì ni mo máa ń bá a sọ. Fífọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kò pọ̀ jù.

Táǹkì náà wúwo, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń gbé e lé orí irin tó ti dógùn-ún. Lítà 1,000 jẹ́ kílógíráàmù 1,000. Ẹni tó bá gbé táǹkì lítà 2,000 lé irin lẹ́yìn yàrá àwọn ọmọ, bíi mọ́tò méjì ló gbé kọ́ sókè yẹn. Ẹ fi òòlù kékeré gbá ẹsẹ̀ irin náà lọ́dọọdún. Ibi tí ó bá ti ń dún bí agolo, ẹ pe oníwẹ́dà.

Ní ti iná, ẹ̀rọ inú bohóólù ń bá omi gbé, nítorí náà wáyà ilẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ àfiṣeré, kí bùrékà tó ń já fúnra rẹ̀ sì wà. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ẹnu ẹ̀rọ tó gún yín lọ́wọ́ ṣín-ín, ẹ pa iná, ẹ má ṣe sọ pé "ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀." Jẹnẹrétọ̀ tí ẹ ń tan láti fa omi ní alẹ́, ìta gbangba ni kó wà, kó jìnnà sí fèrèsé. Kì í ṣe ìloro, kì í ṣe kíṣìnnì.

Píọ̀ wọ́tà àti omi dìsípẹ́ńsà

Ọ̀rá kan jẹ́ sẹ̀ǹtílítà 50, ogún ló wà nínú àpò kan: lítà 10. Ike dìsípẹ́ńsà ń gba bíi lítà 19. Iye wọn ń yí padà kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, nítorí náà ẹ pín owó àpò sí 10, ẹ pín ti ike sí 19, ẹ ó rí èyí tó wọ́n. Kì í ṣe ọ̀kan náà ní gbogbo àdúgbò.

Ẹ wo ọ̀rá kí ẹ tó rà á: nọ́ńbà NAFDAC, orúkọ àti àdírẹ́sì ilé iṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tí yóò kú. Ẹ gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. Èyí tó bá ní ohun tó ń fò kiri nínú rẹ̀, tó ń rùn bí ọ̀rá, tàbí tí wọ́n tò sínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀, ẹ fi sílẹ̀. Nọ́ńbà lára ọ̀rá kò túmọ̀ sí pé wọ́n sẹ́ omi dáadáa lánàá. Ẹ tún fọ ara ọ̀rá kí ẹ tó fi eyín já a. Mo ti rí bí wọ́n ṣe ń jù ú sílẹ̀ látinú ọkọ̀, orí gọ́tà ni àpò kan balẹ̀ sí, wọ́n sì tà á.

Ní ti dìsípẹ́ńsà, ẹ̀rọ ẹnu rẹ̀ ni ìdọ̀tí ń jókòó sí. Èyí tó ń gbóná sì ti jó ọ̀pọ̀ ọmọ lọ́wọ́; ẹ pa apá ibẹ̀ bí ẹ bá ní ọmọ tó ń rákò.

Mẹruwà, ọkọ̀ táńkà, omi òjò

Ẹ bi mẹruwà, ẹni tó ń gbé omi kiri tà, àti ọlọ́kọ̀ táńkà pé níbo ni wọ́n ti bu omi wá. Bí wọn ò bá lè dáhùn, omi aṣọ ni. Kẹ́ẹ̀gì mẹruwà tún jẹ́ ìṣòro fúnra rẹ̀: òmíràn ti gbé pẹtiróòlù tàbí kẹ́míkà rí, kò sí ọṣẹ tó lè fọ ìyẹn kúrò. Táńkà dára fún ẹni tó ń ṣe ìnáwó tàbí tí bohóólù rẹ̀ gbẹ.

Omi òjò dára ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ, bí ẹ bá jẹ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́ fọ eruku ọyẹ́ àti ìgbẹ́ ẹyẹ kúrò lórí páànù. Láti oṣù Igbe títí dé Ọ̀wàrà ni ó wà. Ẹ bo dírọ́ọ̀mù náà. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ á rántí wolé-wolé tó máa ń yọjú wo inú àmù bóyá tanwíjí wà níbẹ̀, tó sì máa ń mú onílé. Ẹ̀fọn ò tíì lọ síbì kankan.

Bí a ṣe ń tún omi ṣe nílé

Sísè: kó hó yaya fún ìṣẹ́jú kan, ó tó. Kulorínì inú ìgò tí wọ́n ń tà fún omi mímu: ẹ wọ̀n ọ́n bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò, ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Òun ló rọjú jù, mo sì rò pé àwọn ènìyàn kàn ń bẹ̀rù òórùn rẹ̀ ni. Kò gbọdọ̀ wà níbi tí ọmọdé lè dé, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò gbọdọ̀ dà á sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹni tí kò lówó gáàsì, tí omi rẹ̀ sì mọ́, lè rọ ọ́ sínú ike tí a ń rí inú rẹ̀, kó tẹ́ ẹ sínú oòrùn gangan fún wákàtí mẹ́fà. Álọ́ọ̀mù ń mú kí ẹrẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ ni. Kì í pa kòkòrò. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí ọ̀pọ̀ ilé tí mo mọ̀, álọ́ọ̀mù ni wọ́n gbọ́kàn lé.

Omi tí ẹ ti tún ṣe, ẹ má ṣe fi ife bù ú. Korobá tó ní ìdérí àti ẹ̀rọ lẹ́nu, èyí tí àwọn ènìyàn ń fi ṣàn ọwọ́ níbi ìnáwó, sàn ju àmù tó lẹ́wà jù lọ.

Kí ẹ tó náwó ńlá, ẹ ṣe àyẹ̀wò. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀ka tó ń rí sí ìlera àyíká wà, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè láti ibẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n wo E. coli, náítíréètì, irin àti òjé. Ti òjé ṣe pàtàkì bí wọ́n bá ń yọ́ bátìrì nítòsí yín. Ìgò tí wọ́n bá fún yín ni kí ẹ fi bu omi, kì í ṣe ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò.

Ta ni kó mú èwo

Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Agbowó tàbí Àpẹ́tẹ́, tí kò mọ̀ bóyá ó máa wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀: píọ̀ wọ́tà fún mímu, kànga fún ìyókù, pẹ̀lú kulorínì sí omi eyín àti omi fífọ èso. Kó má dá bohóólù lábàá fún onílé.

Agbo ilé ńlá ní Ọjẹ́ tàbí Bẹẹrẹ, tí ọgbọ̀n ènìyàn ń pín kànga kan, mi ò ní sọ pé kí wọ́n máa ra omi ọ̀rá. Owó rẹ̀ á pa wọ́n. Ìdérí oní-kọ́kọ́rọ́, korobá kan ṣoṣo, kulorínì lójoojúmọ́ sí omi mímu. Bí omi ẹ̀rọ bá ń yọ lọ́dọ̀ wọn, òun ni kí wọ́n máa sè mu.

Ẹni tó ń kọ́lé: kí ó bá aládùúgbò mẹ́ta tàbí mẹ́rin sọ̀rọ̀, kí wọ́n gbẹ́ bohóólù kan tó dára. Bohóólù mẹ́rin tí kò jinlẹ̀ kò lè dà bí ọ̀kan tó jinlẹ̀.

Ilé tí ọmọ ọwọ́ wà, tàbí aboyún: omi dìsípẹ́ńsà, tàbí bohóólù tí ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ wà lọ́wọ́, kí wọ́n sì tún sè é fún ọmọ.

Àwa náà, dìsípẹ́ńsà ni a ń mu báyìí, a fi kulorínì sí omi ìsebẹ̀, kànga wà fún aṣọ. Ìgbẹ́ gbuuru kò padà. Baba onílé ra kọ́kọ́rọ́ fún ìdérí lẹ́yìn tí mo fi ẹsẹ̀ ka ilẹ̀ náà lójú wọn, ṣùgbọ́n wọ́n ní omi àwọn ṣì ni àwọn máa mu, kò sí ohun tó ṣe é. Ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ọmọ-ọmọ wọn kanlẹ̀kùn, ó mú ife lọ́wọ́: "Ẹ káàárọ̀ o. Bàbá ní kí ẹ bá àwọn bu díẹ̀ nínú omi yín, àwọn fẹ́ fi lo oògùn."